Àpótí Márùn-ún Tó Dá Ìjà Sílẹ̀

Ṣé ìyà ni Ọlọ́run fi jẹ ọmọ aráyé lọ́jọ́ tó da èdè wọn rú, àbí ẹ̀bùn ló fún wọn? Bó bá jẹ́ ìyà ni, kí ló dé tí èdè ẹni fi ń dùn lẹ́nu ẹni tó bẹ́ẹ̀? Bó bá sì jẹ́ ẹ̀bùn, kí ló dé tó fi ń wòran nígbà tí wọ́n bá ń fi pàṣán gba ẹ̀bùn náà lẹ́nu ọmọ kékeré? Ìyá Onílẹ́tà ló bi òǹkọ̀wé ìtàn yìí ní ìbéèrè náà, lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí wọ́n ń kó àga jọ. Ó bi í bí ẹni pé òǹkọ̀wé ni Ọlọ́run rán níṣẹ́ tí kò sì jíṣẹ́ ọ̀hún dáadáa. Òǹkọ̀wé ṣàlàyé títí. Ó mẹ́nu ba ìgbéraga, ó mẹ́nu ba ìràpadà. Ìyá náà fetí sílẹ̀ dé òpin, ó wá ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn." Òótọ́ ló sọ. Títí dòní, kò tíì rí ìdáhùn gbà.

Wọn ò bí i ní Ìyá Onílẹ́tà o. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á máa tò wọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú kí ọ̀rọ̀ tó lè tọ́ lójú ìwé. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé bí o bá dorí ìwé kodò níwájú rẹ̀, yóò kà á fún ọ láìsinmi. Orí ìka rẹ̀ le bíi pátákò. Ìbínú náà ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ju lẹ́tà kan sínú ihò lẹ́tà mìíràn, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Ọ̀gá wọn a máa sọ pé ẹ̀rọ méjì lòun ní, ọ̀kan ń tẹ̀wé, ọ̀kan ń pariwo. Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ní tirẹ̀ máa ń sọ pé ìyàwó òun kì í bínú rárá, pé inú ìbínú ló kọ́lé sí.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n kó òjé fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n sì ní kí òun náà máa lọ sílé. Ibi tó wà tó ń bú kọ̀ǹpútà ni Tíṣà Onígíláàsì ti ránṣẹ́ pè é. Tíṣà yìí ló kọ́ ọ níwèé nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ń fi èdè wa gbé jáde gbé ojú ìwé tó kẹ́yìn fún un, ibi tí kírọ́sìwọ́ọ̀dù máa ń wà: àpótí kéékèèké, dúdú àti funfun, pẹ̀lú ìbéèrè kúkúrú nísàlẹ̀ tí òǹkàwé yóò máa fi ìdáhùn rẹ̀ kún àpótí, lẹ́tà kan, àpótí kan. Àlọ́ ni Tíṣà ń pe àwọn ìbéèrè náà. Ojú rẹ̀ ti ń kú lọ, ó sì ń wá ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó agolo bisikíìtì fún Ìyá Onílẹ́tà, káàdì ló kún inú wọn. Lójú káàdì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, iye àpótí tí yóò gbà, àti àlọ́ rẹ̀. Bí a bá lo káàdì kan tán, ẹ̀yìn agolo là ń tì í bọ̀. Bó bá tún rìn dé iwájú, àkókò ti tó láti tún un lò nìyẹn. Tíṣà ní kó má mikàn, pé bí òǹkàwé ṣe ń gbàgbé àlá ló ń gbàgbé àlọ́.

Bó ṣe di pé òun ló ń ṣe é nìyẹn. Orí tábìlì tó ti fìgbà kan jẹ́ ti ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti ń ṣe é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú rúlà, pẹ́ńsù àti ìgò tàdáwà. Ọ̀rọ̀ ló máa kọ́kọ́ tò, kí igun kan lè wọ igun kejì. Àlọ́ ló máa ń kọ kẹ́yìn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà. Iṣẹ́ gbé e lọ sí erékùṣù kan lódìkejì ayé, ilẹ̀ tí òyìnbó sọ ní Níú Sílándì, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe. Máórì ni ọkùnrin náà, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé. Ìyá Onílẹ́tà bínú sí ìgbéyàwó náà, kì í ṣe nítorí ọkọ o, nítorí ọ̀nà tó jìn ni. Ìgbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin kan ló tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọmọ náà kì í dákẹ́, ìyá àgbà rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Ológoṣẹ́.

Kírọ́sìwọ́ọ̀dù yìí gan-an ni ilé ìwé tí Ológoṣẹ́ ti ń kọ́ èdè wa. Ìyá Onílẹ́tà á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ìyá ọmọ á tẹ̀ ẹ́ jáde níbi iṣẹ́, bó bá sì di àárọ̀ Sátidé níbí, tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, àwọn méjèèjì á jókòó síwájú fóònù. Ọmọ á máa ka àlọ́, ìyá àgbà á máa tọ́ ọ sọ́nà. Láàárín ọ̀sẹ̀, kò sí ohun tí Ìyá Onílẹ́tà ń retí tó ju èyí lọ. Ọkọ ti lọ, òjé ti lọ, ọmọ ti lọ. Sátidé ló kù.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò rí rí tó ń pè ní orogún òun. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ ni. Ilé kan náà lòun àti Ológoṣẹ́ ń gbé, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń pè ní kohanga reo, èyí tó túmọ̀ sí ìtẹ́ èdè. Níbẹ̀, àwọn àgbà ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, èdè Máórì nìkan ni wọ́n sì ń bá wọn sọ. Ìdí rẹ̀ ni pé èdè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Nígbà tí ìyá obìnrin yìí wà nílé ìwé, ẹgba ló ń jẹ bó bá sọ ọ́. Nígbà tó wá bímọ tirẹ̀, kò kọ́ wọn, kí wọ́n má baà jẹ ẹgba. Àgbàlagbà ni obìnrin náà jẹ́ kó tó lọ jókòó bí ọmọdé láti kọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ìyá Onílẹ́tà ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó ní "háà", ó ní "ó mà ṣe o," ó sì béèrè bóyá Ológoṣẹ́ ti jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, igun kan ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ràn. Àpótí márùn-ún ni, M níwájú, O láàárín. Ó tú agolo kan, ó tú òmíràn, ó rí káàdì kan tí lẹ́tà tó wà lójú rẹ̀ jẹ́ ti Tíṣà. MAORI ló wà níbẹ̀. Ó bá igun náà mu rẹ́gí. Ó da àlọ́ inú rẹ̀ kọ bó ṣe wà. Ẹni tó ń wá lẹ́tà kì í rí ọ̀rọ̀.

Ní Sátidé, Ológoṣẹ́ ń fi ìka tẹ̀ lé àlọ́ náà, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀: "Ẹ̀yà kan ní erékùṣù ìsàlẹ̀ ayé, tó ti ń kú tán lọ." Ó béèrè ohun tí "kú tán" jẹ́. Inú Ìyá Onílẹ́tà dùn, torí ọmọ tó bá ń béèrè ni ọmọ tó ń kọ́ nǹkan. Ó ní ó túmọ̀ sí pé láìpẹ́ wọn ò ní sí mọ́, pé wọ́n á tán nílẹ̀ bí ẹni tán epo nínú fìtílà. Ó tiẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn lẹ́nu, fùú, kí ọmọ náà lè rí bí fìtílà ṣe ń kú. Ọmọ ka àpótí, ó kọ lẹ́tà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá dákẹ́. Ológoṣẹ́ kì í dákẹ́.

"Bàbá mi ni Máórì," ló sọ nígbà tó yá. "Èmi náà, Máórì ni mí. Ìyá àgbà, ta ló sọ fún yín pé à ń kú?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá já bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kí Ìyá Onílẹ́tà tó fèsì, ìyá ọmọ ti gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ó ti kà á, ojú rẹ̀ sì ti kún inú fóònù.

"Màámi, kí lẹ kọ yìí?"

"Tíṣà ló kọ ọ́. Káàdì rẹ̀ ni. Èmi kàn ń—"

"Tíṣà ti kú. Ta ló mú un jáde nínú agolo?"

Ìyá Onílẹ́tà ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀, ó ní iṣẹ́ ń lé òun, ó ní àpótí yẹn ṣòroó kún, ó ní ṣé eré lásán ló wá di ẹjọ́ báyìí. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń wọ ihò lọ. Ọmọ rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn sọ pé ọmọ òun kò ní ṣe eré náà mọ́, pé kò sì sí Sátidé mọ́ títí òun yóò fi rí i pé ìyá òun mọ ohun tó ṣe. Fóònù kú.

Ìbínú tó gbé ìyá yìí lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó yọ sílẹ̀. Ó bínú sí Tíṣà nínú ibojì rẹ̀. Ó bínú sí ọmọ rẹ̀, tó ń bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá akọ̀wé kékeré wí. Ó bínú sí orogún rẹ̀, tí kò sọ nǹkan kan rárá. Ó ta agolo kan nípàá, káàdì tú ká gbogbo ilẹ̀, ó tún wá bínú sí ilẹ̀, torí òun náà ni yóò ṣà wọ́n.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó gba ọ́fíìsì ìwé ìròyìn lọ. Yàrá olóòtú kò tóbi ju àpótí lọ, ẹ̀rọ amúlétutù ń kán omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìwé ti di òkè lórí tábìlì. Olóòtú yìí, ojú rẹ̀ ló ṣe wọṣẹ́. Ó dìde fún un, ó fún un ní àga, ó bi í léèrè nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ìyá Onílẹ́tà ní òun kò bá ti ẹsẹ̀ wá. Ó ní kí wọ́n tọrọ àforíjì lójú ìwé àkọ́kọ́.

Olóòtú rẹ́rìn-ín. Ó ní àforíjì wà fún mínísítà, ó wà fún òkú tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, kò sí fún kírọ́sìwọ́ọ̀dù. Ìyá náà lu tábìlì. Ó ní ṣé torí àwọn èèyàn náà kò sí níbí láti pè é lẹ́jọ́ ni. Ọkùnrin náà wá fi sùúrù yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ó ti wá àlọ́ náà jáde.

"Màámi, ẹ má bínú. A ti tẹ èyí jáde lẹ́ẹ̀mẹta rí. Èyí tó ṣáájú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, ọmọ yín ti wà nílé ọkọ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó bínú. Ẹ̀yin gan-an ò bínú."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i lára bí omi gbígbóná. Ó dìde, kò kí i, kò ti ilẹ̀kùn. Bí èèyàn bá purọ́ mọ́ni, a lè bá a jà. Ẹni tó sọ òótọ́ síni lára, kí la fẹ́ fi ṣe é?

Ó wá pinnu láti tún un ṣe lọ́nà tirẹ̀. Ó tú inú fóònù, ó bi ará ilé léèrè, ó sì ṣe odidi kírọ́sìwọ́ọ̀dù kan tó jẹ́ pé ti Máórì ni gbogbo rẹ̀. Ijó ogun tí wọ́n ń pè ní haka wà níbẹ̀. Ojú fínfín wà níbẹ̀. Jagunjagun tó yọ ahọ́n síta wà níbẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n fi kọjá òkun náà wà níbẹ̀. Ó rẹwà, kò sí igun tó yẹ̀. Olóòtú yìn ín, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ní irú rẹ̀ kò wáyé rí. Ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ó sì ń retí ọpẹ́.

Ọmọ rẹ̀ pè é lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Màámi, mo ti rí i. Ìyá ọkọ mi ń fi gíláàsì kàwé. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń nu imú fún láti àárọ̀. Ibo ló wà nínú gbogbo jagunjagun yìí?"

Ìyá Onílẹ́tà ní òun yìn wọ́n ni. Ó ní ta ni wọ́n ń yìn tó ń bínú. Ọmọ rẹ̀ ní òun ti túmọ̀ àlọ́ méjèèjì fún ìyá ọkọ òun, èyí àkọ́kọ́ àti èyí tuntun, ìyá ọkọ òun sì rán òun níṣẹ́. "Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò tíì kú. Ó tún ní kí n sọ fún yín pé inú ń bí òun, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí òun."

Ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin náà máa bá a sọ láti ọjọ́ táyé ti dáyé nìyẹn. Ohun tó sì yani lẹ́nu ni pé kò dun Ìyá Onílẹ́tà. Ó bí i nínú, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí òun lè bá jókòó ló jọ létí rẹ̀. Ó mọ irú ìbínú tó pẹ́ nínú ara.

Kí ọmọ rẹ̀ tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ti bá Tíṣà wí. Ẹ ti bá olóòtú wí, ẹ ti bá èmi náà wí. Ẹ ò tíì bẹ ọmọ."

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbé àwọn agolo sílẹ̀ láti ka káàdì bí èèyàn ṣe ń ka ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ohun tó rí níbẹ̀ kò ṣeé sọ nílé Ọlọ́run. Ẹ̀yà kan jẹ́ òpè, òmíràn jẹ́ ajẹ̀nìyàn, òmíràn kò mọ̀ ju ọtí lọ. Gbogbo rẹ̀ wà nínú lẹ́tà Tíṣà tó gún régé. Ibẹ̀ ló ti rántí ohun kan tó ti ń fi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́. Ní kíláàsì Tíṣà, ẹni tó bá sọ èdè ilé, pátákó ni wọ́n máa fi kọ́ ọ lọ́rùn títí ilé ìwé yóò fi parí, ẹgba sì ni yóò fi relé. Òun náà ti gbé pátákó yẹn kọ́rùn. Ó ti jẹ ẹgba yẹn, lójú gbogbo kíláàsì. Ọkùnrin kan náà ló wá fi ọwọ́ tó fi nà án kọ àlọ́ ní èdè tó torí rẹ̀ nà án, tó sì kó o lé e lọ́wọ́ bí ogún. Ó sì kí i pé ẹ ṣé, sà. Ó kúnlẹ̀ kí i.

Láti ìgbà yẹn ni kò ti lè gbàdúrà fún òkú náà. Ó sọ fún pásítọ̀, pásítọ̀ ní ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni bàbá ìwà. Ó ní kò burú, pásítọ̀, bí sùúrù bá jẹ́ bàbá ìwà, ta wá ni ìyá rẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n sì fẹ́ jẹ́ kí tọ̀hún sọ̀rọ̀? Ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn gan-an ló yọ sí òǹkọ̀wé yìí lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìbéèrè tó ṣáájú ìtàn yìí. Òǹkọ̀wé gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ gbogbo èdè tó wà láyé. Ó gbà á lóòótọ́. Ibi tí kò yé e ni bí Ọlọ́run ṣe gbọ́ igbe àwọn ọmọ yẹn, níbí àti lọ́hùn-ún, ní èdè tó fi sí wọn lẹ́nu fúnra rẹ̀, tí kò sì wí nǹkan kan.

Nígbà tí òǹkọ̀wé lọ kí i nílé láàárín ọ̀sẹ̀, ó bá a níwájú dígí, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Ọmọ rẹ̀ ti gbà pé kí ó bá Ológoṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní Sátidé, ẹ̀ẹ̀kan péré. Orogún rẹ̀ ló bá a bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà ní ìyá àgbà tó bá ṣẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó fojú kan ẹni tó ṣẹ̀. Ìyá Onílẹ́tà ní òun kò tiẹ̀ mọ bóun ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìbínú. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń da òun láàmú. Láti àná lòun ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì. Òun á ní, "Ológoṣẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́, ohun tí mo kọ burú," ọ̀rọ̀ á sì tọ́ títí dé ibẹ̀. Kí òun tó mí, ẹnu òun á ti ní àmọ́. Àmọ́ Tíṣà ló kọ ọ́. Àmọ́ mi ò mọ̀. Àmọ́ wọ́n na èmi náà. Ó ní òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ohun tó sì ń bí òun nínú jù nìyẹn, torí òótọ́ wọ̀nyẹn kò kan ọmọ náà rárá.

Ó jókòó. Ó ti agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí àyè gbé ọwọ́ lé tábìlì. Òǹkọ̀wé ní kí àwọn gbàdúrà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní kó dúró ná.

"Bọ̀dá, kì í ṣe àdúrà ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ wá jókòó tì mí ní Sátidé, ẹ má jẹ́ kí ọmọ rí yín. Ẹ ò ní sọ̀rọ̀. Ẹ kàn gbé ẹsẹ̀ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lábẹ́ tábìlì yìí. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ àmọ́ lẹ́nu mi, ẹ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ẹ má ṣàánú mi o. Bàtà tó le ni kẹ́ ẹ wọ̀ wá."